Ibà tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lára ọmọ wa: báwo ni ẹ ṣe ń bá àìsàn àbímọ́ FMF gbé?

Ìyàwó Ankara (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá, ó sì gùn díẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ará Tọ́kì ni ọkọ mi, láti agbègbè Sivas ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Ìbàdàn ni èmi. Ọmọbìnrin wa ti pé ọmọ ọdún méje. Láti bí ọmọ ọdún mẹ́ta ni ara rẹ̀ ti máa ń ṣàdédé gbóná gan-an, tí inú yóò sì máa run ún débi pé kò ní fẹ́ kí aṣọ ìbora kan òun níkùn. Yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, yóò ká orúnkún mọ́ra, yóò kọjú sí ògiri, bí ènìyàn bá sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ lásán, yóò ké pé wọ́n ti mi ibùsùn náà. Tí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ibà náà á lọ fúnra rẹ̀, ọmọ á dìde, á ní kí n fún òun ní ìrẹsì, a kò sì ní rí àmì àìsàn kankan lára rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún dé. Nígbà mìíràn, àyà ni yóò máa gún un tí kò ní lè mí kanlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni yóò wú, tí awọ ibẹ̀ yóò pọ́n, tí yóò sì gbóná bí ibi tí omi gbígbóná dà sí.

Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́. Dókítà àdúgbò wa ń sọ pé kòkòrò tí àwọn ọmọdé ń kó ran ara wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ni. Ìyá mi ní Ìbàdàn ń sọ pé ibà ni, pé kí n wá ewé dóńgóyárò. Ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ tilẹ̀ ti múra láti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè gé appendix rẹ̀ kúrò, àfi bí ibà náà ṣe rọlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é. Ìyá ọkọ mi ni ó là wá lójú. Ó wo ọmọ náà níbi tí ó ká jọ sí, ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn ní èwe rẹ̀, pé wọ́n gé appendix tirẹ̀, inú rírun náà kò sì torí ìyẹn dáwọ́ dúró, àti pé kídìnrín ni ó padà pa á láìdàgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé tọ dókítà lọ tí wọ́n fi darí wa sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ nígbà tí ibà wà lára rẹ̀ àti nígbà tí kò sí, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò jíìnì. Wọ́n ní familial Mediterranean fever ni, èyí tí gbogbo ènìyàn ń gé kúrú sí FMF, pé a bí i mọ́ ọn ni, pé kì í ràn. Wọ́n fún un ní colchicine, wọ́n ní kí ó máa lò ó lójoojúmọ́.

Àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ nípa AS àti SS. Wọ́n kọ́ wa pé ó dìgbà tí bàbá àti ìyá bá jọ fún ọmọ ní S kí àìsàn tó wọlé. Ìwé àyẹ̀wò ọmọ mi sọ pé ìyípadà jíìnì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní M694V, ni wọ́n rí, láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Kí ló wá dé tí ó ń ṣàìsàn? Ṣé èmi náà ní nǹkan kan tí wọn kò rí ni? Ìyá mi ti ń bínú, ó ní kò sí irú rẹ̀ ní ìdílé wa. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Ó ní kí a máa fún un nígbà tí ibà bá dé nìkan. Bẹ́ẹ̀ a sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, à ń bọ̀ wá sílé ní oṣù Kejìlá. Bí ara ọmọ yìí bá gbóná ní Ìbàdàn, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ FMF àti èyí tí ó jẹ́ ibà ẹ̀fọn? Ẹni tí ó bá mọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì (Manchester)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní ìlú yìí, a sì ń rí FMF, pàápàá lára àwọn ọmọ Tọ́kì, àwọn ará Àméníà, àwọn Lárúbáwá àti àwọn Júù tí ìdílé wọn ti Àríwá Áfíríkà tàbí Àárín Gbùngbùn Ìlà-oòrùn Ayé wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọkọ yín ṣáájú, nítorí òun ni ó léwu jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Colchicine kì í ṣe oògùn tí a fi ń lé ibà tí ó ti dé lọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dé ni. Ibà àti inú rírun ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n sábà ń pa ènìyàn. Nígbàkúùgbà tí ara bá ń wú lábẹ́nú báyìí, ẹ̀dọ̀ máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní serum amyloid A sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ fíìfíì. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èròjà náà lè máa dì, kí ó máa gbára jọ sínú ẹran ara, kídìnrín sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Amyloidosis ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kí ó jẹ́ òun ni ó mú ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ yín lọ. Lára àwọn aláìsàn mìíràn, wíwú abẹ́nú yìí kì í tán pátápátá láàrin ibà kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn kò ní mọ nǹkan kan lára. Ìdí nìyí tí a kò fi lè wo ojú ọmọ tí ó ń ṣeré kí a sọ pé kò nílò oògùn.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Goldfinger, ni ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní 1972 pé colchicine, oògùn àtijọ́ tí wọ́n ń lò fún àrùn oríkèé wíwú tí à ń pè ní gout, ń dá FMF dúró. Ní 1986, àwọn dókítà ní Ísírẹ́lì tẹ àbájáde ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn 1,070 jáde. Nínú wọn, 960 ni kídìnrín wọn kò ì tíì ní àmì ìbàjẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn 906 tí ó ń lo oògùn wọn déédéé, ẹni 4 péré ni purotéènì, tí í ṣe àmì pé kídìnrín ń bàjẹ́, padà fara hàn nínú ìtọ̀ wọn. Àwọn 54 tí ó kù jẹ́wọ́ pé àwọn kì í lò ó bí ó ti yẹ. Ẹni 16 nínú wọn ni ó fara hàn fún. Ẹ gbé iye méjèèjì yìí síwájú ọkọ yín, ẹ má bá a jiyàn rárá.

Ní ti jíìnì, MEFV ni orúkọ rẹ̀, orí krómósómù 16 ni ó wà, 1997 sì ni ikọ̀ onímọ̀ méjì rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ni ara ń lò láti ṣe èròjà pyrin, èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ funfun. Bí kòkòrò àrùn kan bá wọlé, pyrin wà lára àwọn tí ó ń mú kí ara tú èròjà kan tí ń jẹ́ interleukin-1 jáde, ibẹ̀ sì ni ibà, ìrora àti wíwú ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú FMF, pyrin ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí kò sí kòkòrò kankan. Òótọ́ ni pé wọ́n ka àìsàn náà sí èyí tí ó ń fẹ́ ẹ̀dà jíìnì méjì tí ó ti yí padà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bíi SS. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àyẹ̀wò jíìnì ti wọ́pọ̀ ni wọ́n ti ń rí àwọn tí àìsàn náà hàn kedere lára wọn, tí colchicine sì ràn wọ́n lọ́wọ́, síbẹ̀ tí kò sí ju ẹ̀dà kan lọ nínú ìwé àyẹ̀wò wọn, wọn kò sì kéré níye. Nítorí náà, kí Màmá ní Ìbàdàn fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń wá ẹ̀sùn sí ìdílé yín lẹ́sẹ̀. Àìsàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ ju ti ẹni tí ó ní méjì lọ, àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀, àmọ́ dókítà ni yóò sọ ìgbà tí a lè dán an wò láti dín oògùn kù, kì í ṣe bàbá ọmọ.

Nígbà tí ẹ sì ti dárúkọ AS, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á. Gbogbo wa mọ̀ pé AS ń gba ọmọ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn líle, òun ni ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 2020, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé àwọn ìyípadà inú MEFV ń ran ara lọ́wọ́ láti kojú Yersinia pestis, kòkòrò tí ó fa àjàkálẹ̀ àrùn plague tí ó run ìlú púpọ̀ ní etí Òkun Mẹditaréníà láyé àtijọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ìdí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń gbé e kiri tó báyìí.

Oògùn náà kéré lójú, ó sì lágbára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹyọ kan jẹ́ máíkírógíráàmù 500. Ẹ má ṣe fi kún un nítorí pé ibà gbóná, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè pa ọmọdé, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan. Inú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ máa tì í mọ́. Bí inú rẹ̀ bá ń ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè pín in sí àárọ̀ àti alẹ́, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ dín wàrà kù fún ìgbà díẹ̀. Bí dókítà mìíràn bá fẹ́ fún un ní clarithromycin tàbí erythromycin nítorí ọ̀fun dídùn, ẹ pariwo pé ó ń lo colchicine, nítorí àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí ara tètè lé e jáde. Ọsàn grapefruit náà kò bá a rẹ́. Kí wọ́n sì máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Bí colchicine kò bá tó, abẹ́rẹ́ wà tí ó ń dí ọ̀nà interleukin-1, anakinra tí à ń gún lójoojúmọ́ àti canakinumab tí à ń gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ kò ì tíì dé ibẹ̀.

Ọkọ Ọmọ Lẹ́bánónì (Èkó)

Ìyàwó mi ni ó ní i. Èkó ni wọ́n bí i sí, Lẹ́bánónì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ti sọ ti oògùn, èmi yóò sọ ti inú ilé.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, ibà àti jẹ̀funjẹ̀fun ni wọ́n máa ń wò fún un. Láti kékeré ni ìyàwó mi ti ń gba abẹ́rẹ́ ibà, kò sì sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ibà yìí fi máa ń lọ ní ọjọ́ kẹta, yálà wọ́n fún un ní oògùn tàbí wọn kò fún un. Ìbátan rẹ̀ kan ní Beirut ni ó sọ pé àwọn mọ àìsàn yẹn níbẹ̀ dáadáa.

Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ jù lẹ́yìn oògùn ni ìwé kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ àti wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀, bí ara ṣe gbóná tó, ibi tí ó ń dùn ún, ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ méjì tí ó ṣáájú, gbogbo rẹ̀ ni ó ń kọ síbẹ̀. Inú ìwé yẹn ni a ti rí i pé ó máa ń dé nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àti lẹ́yìn òru tí a kò sùn. Ẹ mọ òwàǹbẹ̀ Èkó, ẹni tí ó bá jó di ìdájí ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Ajé ni tiwa máa ń dé. A kò torí rẹ̀ pa àríyá tì, ṣùgbọ́n a ti ń tètè dìde níbẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn sì ti mọ̀ wá mọ́ ọn. Àwọn dókítà tí ó ń wò ó sọ fún un pé kí ó má ṣe dá colchicine dúró nígbà tí ó lóyún, kò sì dá a dúró. Ọmọ méjèèjì ń bẹ láàyè, àlàáfíà ni wọ́n wà.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ẹnu àwọn èèyàn. Ẹni tí kò lè gbé orí sókè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ó sì ń rìn káàkiri ọjà ní ọjọ́rú tàbí ọjọ́bọ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí nínú ẹbí tèmi. Ìyàwó wa, ẹ tètè lọ bá olùkọ́ ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà sọ pé ó ń díbọ́n. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, kí ó wà nínú fáìlì rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì sọ ọ́ kedere pé àìsàn náà kì í ràn, pé ọmọ lè pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ kan tàbí méjì láìròtẹ́lẹ̀, àti pé bí ó bá ní inú ń run òun, kí wọ́n gbà á gbọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Houston)

Ìbéèrè yín lórí ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ yín wá ni mo fẹ́ dá sí, nítorí ó kàn mí.

FMF nìkan kọ́ ni ibà àbímọ́ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní TRAPS. Ní 1982 ni àwọn dókítà kọ nípa rẹ̀ lára ìdílé kan tí ìran wọn ti Ireland àti Scotland ṣẹ̀ wá, ní 1999 ni wọ́n sì rí i pé jíìnì TNFRSF1A ni ó ń fà á. Ibà tirẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta. Ó sábà máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹran ara á máa dun ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn, ìpéǹpéjú á sì wú. Ẹ̀dà kan péré ni ó ń fẹ́, nítorí náà bí òbí kan bá ní i, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀.

Nígbà tí ibà àìlórúkọ kan ń yọ mí lẹ́nu, dókítà kan níbí ní kí wọ́n yẹ gbogbo jíìnì ibà wò fún mi. Wọ́n rí ìyípadà kan nínú TNFRSF1A tí à ń pè ní P46L, ó sì sọ fún mi pé mo ní TRAPS. Mo ti ń wo àwọn ọmọ mi lójú kọ̀ọ̀kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn tí ó bi mí ní ibi tí àwọn òbí mi ti wá. Mo ní Abẹ́òkúta. Ó ní P46L wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé e kiri láìsí ibà kankan, àti pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí ohun tí ó ń fa TRAPS. Ohun mìíràn ni ó ń ṣe mí, ó sì ti lọ.

Ó jọ mí lójú pé ara àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ láti ka irú ìwé àyẹ̀wò yìí, nítorí náà ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn, kíá ni wọ́n ń pè é ní àìsàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn ènìyàn mélòó kan tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ HapMap, èyí tí ó fi jíìnì àwọn ẹ̀yà wéra. Bí wọ́n bá rí nǹkan kan tí ó ti ọ̀dọ̀ yín wá nínú ìwé ọmọ yín, ẹ bi wọ́n léèrè tààrà pé: báwo ni ó ṣe wọ́pọ̀ tó láàrin àwa? Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ìyá béèrè.

Bàbá Láàbù (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o kú ìrìn àjò tí ò ń múra rẹ̀. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà èmi ni n ó dáhùn ti oṣù Kejìlá.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́. Bí ara ọmọ náà bá gbóná ní ilẹ̀ yìí, àní bí inú rírun náà bá jọ ti tẹ́lẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí o gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka tí wọ́n ń kán sórí pátákó kékeré yẹn kì í ju ogún ìṣẹ́jú tàbí bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n sì tún fi maikirosíkóòpù wò ó níbi tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá wà. Bí ó bá ní i, kí ó lo oògùn ibà kíákíá. Bí kò bá ní i, kí wọ́n má ṣe fún un ní oògùn ibà nítorí pé ara gbóná. Bí ẹnì kan bá fi àyẹ̀wò Widal nìkan sọ fún ọ pé jẹ̀funjẹ̀fun ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì béèrè fún èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ gbin kòkòrò, nítorí ọ̀pọ̀ wa níbí ni Widal ń mú láìsí àìsàn kankan.

Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní agbára tí ara àwọn ọmọ ibí fi ń kojú ibà. Àwọn tí ó wá kí ẹbí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń kó ibà ẹ̀fọn padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó rò pé ilé ni òun ń lọ. Kí ó lo oògùn ìdènà kí ẹ tó gbéra, kí apoògùn yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú colchicine rẹ̀, kí ó sì máa sùn lábẹ́ àwọ̀n. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, sọ fún dókítà pé ẹ ti Nàìjíríà dé.

Má bá ìyá rẹ jà lórí ọ̀rọ̀ dóńgóyárò. Ibà ti pa ọmọ lójú wọn rí, òun ni wọ́n fi ń sáré. Ṣùgbọ́n àgbo kò gbọdọ̀ kan ọmọ yìí lẹ́nu, nítorí ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ni ó ń lé colchicine jáde, a kò sì mọ ohun tí ewé méje nínú ìkòkò kan yóò ṣe fún méjèèjì. Ní ti ọkọ rẹ, sọ fún un pé bàbá kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní àràárọ̀ láìsí ibi tí ń dùn ún. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí ó ń dúró de ìgbà tí orí bá fọ́ wọn kí wọ́n tó lò ó, mo ti lọ sìnkú púpọ̀ nínú wọn.

Ìyàwó Ankara (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ kú àánú mi, Bàbá. Mo ti ka ti 906 àti 54 sí ọkọ mi létí lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó wá ní kí n gbé ike oògùn náà wá kí òun fi aago sí i lórí fóònù òun.

Ọ̀kan ló kù. Bí ó bá bì lẹ́yìn tí ó gbé oògùn mì, ṣé kí n fún un ní òmíràn? Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò ní ibà rí. Ṣé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì (Manchester)

Ẹ má fún un ní òmíràn láìjẹ́ pé ẹ ti pe ilé ìwòsàn, nítorí kò sí bí ẹ ṣe lè mọ iye tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ń bì léraléra, tàbí tí inú rẹ̀ ń ṣí gbuuru tí kò sì rí omi mu tó, ẹ tètè pè wọ́n, pàápàá tí ẹ bá wà nínú oòrùn Ìbàdàn, torí pé bí omi bá gbẹ lára ọmọ, colchicine á máa pẹ́ nínú ara ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè láti òkèèrè kí ẹ tó lọ. Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn náà wà nínú ọkọ̀ òfurufú, nínú ike tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ó pọ̀ ju ọjọ́ tí ẹ máa lò lọ díẹ̀, kí lẹ́tà dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà níbòmíràn lè má jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ti Amẹ́ríkà fún àpẹẹrẹ jẹ́ máíkírógíráàmù 600.

Ní ti ọmọkùnrin, bí kò bá sí ohun tí ó ń ṣe é, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá tún padà rí àwọn onímọ̀. Wọ́n lè fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò láìtíì kan jíìnì. Ibùdó àwọn onímọ̀ amyloidosis tí ó wà ní Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí àwọn ìdílé tí ó ní irú ibà yìí, bí wọn kò bá tíì darí yín síbẹ̀, ẹ béèrè. Kí ọkọ yín náà lọ fún wọn ní ìtọ̀ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni M694V ti wá, ẹ kò sì sọ fún wa bóyá inú ti run òun náà rí.